Lúùpù fún Ẹni Tó Ń Wá Ọmọ

Káàdì ilé ìwòsàn ni ìyá ọkọ mi rí. Mo gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, èmi sì wà nílé ìdáná, mò ń ro àmàlà lọ́wọ́. Màmá ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò sí irú ìfètòsọ́mọbíbí tí àwọn nọ́ọ̀sì ò tíì wá ṣàlàyé fún wọn níbẹ̀. Wọ́n rí àwòrán nǹkan kékeré kan tó rí bíi lẹ́tà T lára ìwé tí wọ́n so mọ́ káàdì náà.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Ṣé lúùpù kọ́ nìyí?"

Mo gbé ọmọrogùn sílẹ̀. Ọdún kẹfà nìyẹn tí mo ti wọlé ọkọ, kò sí ọmọ. Oyún kan dúró lọ́dún kejì, ó bàjẹ́ lóṣù kẹta. Kí ni ẹni tó ń wá ọmọ ń fi lúùpù, ohun tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ kí oyún má baà dúró, ṣe? Màmá ò bi mí. Wọ́n wo káàdì, wọ́n wo mí, wọ́n tún wo káàdì. Àmàlà ti ń ṣe kókó nínú ìkòkò. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun tán ná, mà, màá ṣàlàyé." A jẹun tán, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Àmàlà náà ò dáa.

Ohun tí mo sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń kọ síbí, àti èyí tí ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ níwájú ìyá ọkọ.

Aránṣọ ni mí, n'Íbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti bàlágà ni nǹkan oṣù mi ò ti mọ oṣù. Ó lè wá lóṣù kìíní, kó má tún yọjú títí di oṣù karùn-ún. Nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa jowú mi, wọ́n ní èmi kì í náwó sí páàdì. Màmá tó bí mi ní bí ara tèmi ṣe rí nìyẹn. Èmi náà gbà pé bí ara mi ṣe rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èyí tí kò wá yẹn ò lọ síbì kan. Ó ń kóra jọ sínú ni.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó wá, kò sì lọ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Lọ́jọ́ kan, mò ń lẹ òkúta mọ́ léèsì ìyá ìyàwó kan, léèsì funfun báláú, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Páàdì méjì ni mo lò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣáà ń gbọ́ pé ìjókòó mi ń tutù lábẹ́ mi. Kí n tó mira, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti wà lẹ́yìn mi. "Ọ̀gá, ẹ má dìde." Ó tú ìró tó wà nídìí ara rẹ̀, ṣòkòtò ló kù sídìí rẹ̀, ó sì fi ìró náà yí mi nídìí láti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wọn ìbàdí oníbàárà. Àwọn tó kù ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Etí léèsì náà ti kan ìjókòó. Omi tútù àti iyọ̀ ni a fi yọ ọ́ (ẹ má fi omi gbígbóná kan ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ láé, ṣe ló máa mú un wọra), a sì gbé e fún ìyá ìyàwó lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n jó nínú ẹ̀, mo rí fídíò. Ọmọ iṣẹ́ náà ò fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ yẹn rí láti ọjọ́ náà.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní ìju ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti pọ̀ lára obìnrin nílẹ̀ wa, ìju ni, a kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo mu àgbo ìju fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó korò dé ọ̀run, inú kàn ń run mí ni. Nígbà tí mo wá lọ ya àwòrán inú, ẹni tó ń ya á yí nǹkan náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní: "Kò sí ìju o. Awọ inú ilé ọmọ yín ló nípọn." Mílímítà 22.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n gé díẹ̀ lára awọ náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méje kí èsì tó jáde. Ìgbà méjì ni wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi. Nígbà tí wọ́n rí i, dókítà kà á láìgbójú sókè, ó ní ká yọ ilé ọmọ náà, kí n lọ gba ọjọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mo bi í bóyá jẹjẹrẹ ni. Ó ní, "Kò tíì."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ Micra lọ sílé. Kò tíì. Kò ṣàjèjì sí mi, ọdún mélòó ni wọ́n ti ń fi í júwe mi níbi ìsọmọlórúkọ: "Tiwa kò tíì bí o, ẹ bá wa fi sádùúrà." Ní báyìí, nǹkan méjì ni mi ò tíì ní, ọ̀kan tí mò ń wá àti ọ̀kan tí mò ń sá fún, inú ilé kan náà ni méjèèjì sì máa gbà wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe dókítà kejì fún mi. Obìnrin ni, bóyá ni kò kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó kọ́kọ́ béèrè nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń rí nǹkan oṣù lọ́dún, mà?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tó bá pọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó mi orí, ó fa bébà sílẹ̀, ó ń ya àwòrán.

Homóònù méjì ló ń bójú tó awọ inú ilé ọmọ. Estrogen ló ń mú kó hù, tó ń mú kó nípọn. Progesterone ló ń dá a dúró. Lẹ́yìn tí ẹyin obìnrin bá ti jáde lóṣù náà ni progesterone máa ń dé. Tí oyún ò bá dúró, òun náà á lọ sílẹ̀, awọ náà á sì já, á bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹni tí ẹyin rẹ̀ kì í jáde déédéé, bíi tèmi tí mo ní ohun tí wọ́n ń pè ní PCOS, ìṣòro homóònù tó ń da ẹyin obìnrin rú, estrogen nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ó yé mi. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ ẹ̀rọ tẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ní kó já òwú." Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá ti ń rán lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ojú rírán á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Kìlógíráàmù 106 ni mo wọ̀n. Ọ̀rá ara náà a máa ṣe estrogen, nítorí náà bí mo ṣe ń sanra sí i ni mo ń bu epo síná. Kò rọrùn fún mi láti gbọ́. Níbi tí mo ti wá, tí ìyàwó bá sanra, ọkọ là ń yìn. Ọjọ́ tí mo bá fọn díẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bóyá àlàáfíà wà nílé.

Endometrial hyperplasia ni wọ́n ń pe àrùn náà. Láti 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín in sí méjì péré: èyí tí awọ kàn nípọn, àti èyí tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti ń yí padà, tí wọ́n ń pè ní atypia. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, orí ìyàtọ̀ yìí ló dúró lé. Tí ẹ bá gba èsì, ọ̀rọ̀ atypia ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, bóyá wọ́n kọ pé ó wà tàbí pé kò sí. Èyí tí kò ní in, homóònù ni ìlànà àwọn dókítà ilẹ̀ Bìrìtìkó fi ṣáájú fún obìnrin, ewu pé ó máa di jẹjẹrẹ kò sì tó 5 nínú 100 láàárín ogún ọdún. Tèmi ní in.

Dókítà Robert Kurman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 1985, lórí obìnrin 170 tí wọn ò tètè yọ ilé ọmọ wọn. Láàárín àwọn tí tiwọn fúyẹ́ jù, ẹnì 1 nínú 100 ló di jẹjẹrẹ fún. Láàárín àwọn tí tiwọn ti dàrú jù, ẹni 29 nínú 100. Ìwádìí míì jáde ní 2006, èyí ló gba oorun lójú mi: obìnrin 289 tí àyẹ̀wò sọ pé irú tèmi ni wọ́n ní, wọ́n yọ ilé ọmọ wọn, wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé nǹkan bí 43 nínú 100 ni jẹjẹrẹ ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò rí i. Nítorí náà, dókítà tí kò wojú mi yẹn, ohun tó sọ kò burú. Bó ṣe sọ ọ́ ló burú. Yíyọ ilé ọmọ ṣì ni ìtọ́jú tí wọ́n fọwọ́ sí jù fún irú tèmi, àyàfi fún ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ abẹ. Kò sọ "àyàfi" yẹn fún mi.

Ìdí nìyẹn tí dókítà kejì ò fi fún mi lóògùn lọ́jọ́ tí mo dé. Ó ti kámẹ́rà tín-ínrín wọlé, ó wo gbogbo kọ̀rọ̀, ó gé òmíràn, ó ní kí n lọ ya àwòrán MRI, kó lè dá a lójú pé kò sí ohun tó farapamọ́. Lẹ́yìn náà ló kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí ìwé fún mi, látinú àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2012: 86, 26, 26. Nínú 100 irú mi tó lo homóònù, nǹkan bí 86 ni awọ wọn padà sípò. Inú mi dùn. Ó ní nínú àwọn tí tiwọn padà sípò, ẹni 26 nínú 100 ló tún padà sí lára. Inú mi ò dùn mọ́. Ẹni 26 nínú 100 ló gbé ọmọ láàyè lọ́wọ́. Mo ká ìwé náà, mo fi sínú pọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Oògùn náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi wa dánwò. Dókítà Robert Kistner ní Boston, l'Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ jáde ní 1959 pé irú homóònù yìí ń yí awọ bẹ́ẹ̀ padà. Ibi tí wọ́n ti ń rí homóònù ọ̀hún nígbà yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín: iṣu ni! Ní àwọn ọdún 1940, Russell Marker, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà, lọ sí Mexico, ó wa iṣu igbó níbẹ̀, ó sì ti inú rẹ̀ mú ohun tó sọ di progesterone. Ìdílé kan náà ni òun àti iṣu tí a ń gún. Mo ṣàṣìṣe, mo sọ fún màmá tó bí mi. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, ṣé mi ò gbọ́ nípa Igbó-Ọrà ni, tí wọ́n ń fi àmàlà iṣu bí ìbejì? Mo ṣàlàyé pé ilé ẹ̀rọ ló ń yí i padà, pé ikùn wa ò lè ṣe é, ẹni tó bá jẹ odidi ebè tán, iṣu náà ló jẹ. Wọ́n ní ó yé àwọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi iṣu márùn-ún ránṣẹ́.

Oníkóró ni mo fi bẹ̀rẹ̀, megestrol, homóònù tí à ń gbé mì, nítorí owó lúùpù ò tíì pé lọ́wọ́ mi. Mò ń dúró de àjọ. Megestrol ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ebi tó ń pa ènìyàn! Dókítà ní kí n fọn, oògùn ní kí n jẹun. Mo jí láago méjì òru mo ń jẹ ẹ̀bà tútù lórí ìdúró. Nígbà tí mo gba àjọ, a bọ́ sí ti lúùpù.

Ìyàtọ̀ tó wà níbí ṣe pàtàkì, torí obìnrin kan lọ́jà Gbági ti sọ fún mi pé kí n má náwó dànù, pé wọ́n ń fi lúùpù sí i fún èèyàn ní pọ́ọ́kú ní ìlera alábọ́dé. Èyí tó ń sọ, onírin bàbà ni. Kò ní homóònù kankan nínú. Ó dáa fún ìfètòsọ́mọbíbí, kò kan awọ tó nípọn. Tèmi ni Mirena, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní Finland ní 1990. Mílígíráàmù 52 levonorgestrel ló wà lára igi rẹ̀, ìbátan progesterone ni, bíńtín bíńtín ló sì ń tú u sílẹ̀ lójoojúmọ́, lójú ibi tí wàhálà wà gan-an. Kì í kó gbogbo ara jọ bí oníkóró. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin nílẹ̀ Bìrìtìkó gbé jáde ní 2016 fi í ṣáájú oníkóró fún ẹni tó fẹ́ pa ilé ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ń dènà oyún ni wọ́n fi sí mi kí n lè lóyún. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Màmá gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Tí wọ́n bá yọ ọ́ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, tó bá tún ayé wá, ibo ni yóò fi bímọ?" Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn àgbà máa ń sọ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò retí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin, àkọ́bí ìyá wọn, ẹ̀jẹ̀ ló dà títí ó fi kú. Ẹni tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù ni, ẹ̀jẹ̀ wá tún bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ní òun tún ti di ọmọge. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Màmá na ọwọ́, wọ́n fa káàdì náà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní: "Ìgbà wo ni wọ́n ní kó o padà wá?"

Àṣé ìbéèrè tó jù nìyẹn. Èmi rò pé fífi sí ni ìtọ́jú, pé tí wọ́n bá ti fi í sí, ó parí. Pípadà lọ ni ìtọ́jú. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á tún gé díẹ̀ lára awọ náà wò. Rọ́bà tín-ínrín kan ni wọ́n fi ń ṣe é, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìfun bírò lọ. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ wúkọ́, mà," bí ẹ ṣe ń wúkọ́ ni yóò ti wọlé, nǹkan kan á wá fún inú yín bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ tútù. Kẹ́ ẹ ka ení, èjì dé ogún, ó ti tán. Ohun tí wọ́n fà jáde kò tó ẹ̀kún ìka, wọ́n á sọ ọ́ sínú ìgò, ẹ̀yin á sì lọ sílé lọ dúró.

Oṣù kẹta: ó ṣì wà níbẹ̀. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ. Dókítà ti sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ara máa ń gbà ju oṣù mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀tọ̀, ẹkún ọ̀tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ò tíì dá, ó ń kán, ó ń kán, lójoojúmọ́ bí ẹ̀rọ omi tí wáṣà rẹ̀ ti jẹ. Orí ń fọ́ mi. Oṣù kẹfà: atypia ti lọ, awọ ṣì nípọn díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án: ó mọ́. Mo ti fọn dé kìlógíráàmù 92 nígbà yẹn, mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, àwọn aládùúgbò sì ti ń bi ọkọ mi bóyá àlàáfíà wà.

Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn, èmi àti obìnrin kan di ojúlùmọ̀, àrùn kan náà ni. Tirẹ̀ tètè mọ́ ju tèmi lọ, oṣù kẹfà péré. Ó jó nínú ọgbà. Kò padà wá mọ́. Ó lé lọ́dún kan kí n tó tún rí i, ẹ̀jẹ̀ ló gbé e dé, nígbà yẹn "kò tíì" ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n yọ ilé ọmọ náà, ó wà láàyè, ara rẹ̀ ti ń mókun. Ó ní èsì tó mọ́ yẹn, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fi férémù sí i. Mi ò dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn ọdún tí ènìyàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá sọ rere, ta ló fẹ́ padà lọ kí wọ́n tún un wò?

Oṣù kejìlá, tèmi tún mọ́. Méjì tó tẹ̀ léra ni dókítà mi ń dúró dè. Wọ́n yọ lúùpù lóṣù tó kọjá. Ní báyìí mò ń lo letrozole kí ẹyin lè jáde. Dókítà ní tí oyún bá dúró, progesterone inú oyún fúnra rẹ̀ á máa bá wa tọ́jú awọ náà lọ. Oyún ò tíì dúró. Bó bá pẹ́, a óò tún gé e wò, bóyá lúùpù á sì tún padà síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá bímọ tẹ́rùn, ìmọ̀ràn wọn ni pé ká yọ ilé ọmọ náà kó má baà tún dá wàhálà sílẹ̀. Mo ti sọ fún Màmá. Wọ́n ní kí ọmọ ṣáà dé ná, ayé tó ń bọ̀ á mójú tó ara rẹ̀.

Àwọn ni wọ́n ń bá mi ka ọjọ́. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wọn, wọ́n fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ dókítà mi ká. Láago mẹ́fà ìdájí ni fóònù máa ń dún: "Ìyàwó, ọ̀la ni o." Lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ oníbàárà pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo ní màá sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n gbé ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tí a lọ kẹ́yìn, wọ́n bá mi lọ. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí bẹ́ǹṣì, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó fi báàgì bo káàdì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó ní àwòrán lẹ́tà T ti yọ jáde níbi etí báàgì. Màmá wò ó. Wọ́n sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé eléyìí tó ní homóònù ni, àbí onírin?"

Ọmọ náà wo ojú mi bí ẹni ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ti ń pe orúkọ mi nínú. Nígbà tí mo jáde, Màmá ti gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí ọmọ náà ka oṣù mẹ́ta fún àwọn láti òní.